Ìsàlẹ̀ Ìwé Ni Ká Ti Máa Kà Á

Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ to kọ̀ǹpútà géèmù àti fíìmù fún ìgbà àkọ́kọ́

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe èyí tí a ń rà ní odidi nínú páálí. Èyí tí èèyàn ń ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò wá jókòó sí yàrá rẹ̀ tò ó pọ̀, kó lè fi wo fíìmù, kó sì fi ta géèmù, òun ni mò ń wí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi tò kò pẹ́ láyé. Mo ra power pack tòkunbọ̀ kan, ẹrù Amẹ́ríkà. Ó wúwo lọ́wọ́, ó dùn ún wò. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà iná ń wọ̀, bọ́tìnnì pupa kékeré kan wà tí kò tóbi ju èékánná lọ. Wọ́n kọ 115 sí apá kan, wọ́n kọ 230 sí apá kejì. Iná ilé ní Amẹ́ríkà, fóòtì 120 ni. Tiwa níbí, 230 ni. Ẹni tó lò ó kó tó dé ọwọ́ mi ti fi bọ́tìnnì yẹn sí 115, bó sì ṣe yẹ kó wà nílé tiẹ̀ nìyẹn. Èmi ò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. Mo ki wáyà bọ ara ògiri, mo tan án. Gbòà! Ẹ ó rò pé ọmọ kan ló yin báńgà lọ́jọ́ Kérésì. Èéfín yọ, òórùn gba gbogbo ilé. Ìyá mi sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n wò mí, wọ́n wo ẹ̀rọ, wọ́n ní, "Ṣé bó ṣe máa ń dún nìyẹn?"

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá bi mí pé graphics card wo ni kí òun rà, iná ilé rẹ̀ ni èmi náà máa ń bi í.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi ní Ìnísà. Ọmọ Ìkìrun ni, ó ń kàwé ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Òkukù. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí mi tán, ó na ìwé kan sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, ṣé ó pé?" Gbogbo ohun tó fẹ́ rà ló ti kọ síbẹ̀. Graphics card ló wà lókè téńté, ó fi bírò pupa fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Processor tẹ̀ lé e, RAM tẹ̀ lé ìyẹn. Nísàlẹ̀ pátápátá ló kọ power pack sí, ohun tó sì kọ síwájú rẹ̀ ni: "èyíkéyìí."

Mo dorí ìwé náà kodò. Mo ní, "Ibí ni ká ti máa kà á." Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mò ń bá òun ṣeré ni.

Power pack ló ń gba iná 230 lára ògiri, tó ń sọ ọ́ di fóòtì 12, di 5, di 3.3 fún àwọn ẹ̀yà inú. Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń jẹun. Bí èyí tí kò dára bá sì fẹ́ kú, kì í sábà dá nìkan kú; ó lè mú motherboard dání, kó mú hard disk, kó mú graphics card tí ẹ fi owó èésú rà. Báwo la ṣe ń mọ èyí tó dára? Ẹ kọ́kọ́ gbé e. Èyí tó bá fúyẹ́ bí agolo mílíìkì tí wọ́n ti mu tán, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára. Wọ́n lè kọ 500 wáàtì gàdàgbà gàdàgbà síbẹ̀. Ẹ má wo ìyẹn. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ 12V sí, kí ẹ wo iye A tó wà nídìí rẹ̀. Bó bá jẹ́ 16A, ẹ fi 12 sọ 16 di púpọ̀, 192 ni yóò fún yín. Wáàtì 192 yẹn ni processor àti graphics card yóò rí pín. 500 tó wà lókè, oyè lásán ni wọ́n fi jẹ.

Ẹ ó tún rí àmì 80 Plus lára àwọn mìíràn. Láti 2004 ni àmì náà ti wà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, nínú 100 wáàtì tí power pack bá gbà lára ògiri, ó kéré tán, 80 yóò dé inú ẹ̀rọ, ìyókù ni yóò di ooru. Àwọn kan ń tẹ àmì ọ̀hún fúnra wọn o, nítorí náà ẹ má fi òun nìkan ṣe ẹlẹ́rìí. Èyí tó dára lóde òní kì í sábà ní bọ́tìnnì pupa mọ́. "100-240V" ni wọ́n ń kọ sí i, òun fúnra rẹ̀ á sì mọ irú iná tí wọ́n so ó mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àdúgbò tí iná ti máa ń rọ̀ lálẹ́, tí gílóòbù á kàn máa pọ́n bí ẹyinná, ẹ mọ ìdí tí mo fi fẹ́ràn irú èyí. Bí iná bá wálẹ̀ sí 170, kò ní tìtorí ẹ̀ kú.

Stabilizer ń kọ́? Ẹ ní in. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I-better-pass-my-neighbour, ẹ má so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn láìní nǹkan láàárín. Iná rẹ̀ ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ọ̀bọ orí igi. UPS kékeré dára, àmọ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ ó fi pa ẹ̀rọ bó ṣe yẹ nígbà tí NEPA bá mú iná lọ ló wà fún, kò wà fún kí ẹ parí ìdíje. (Mo mọ̀ pé orúkọ wọn kì í ṣe NEPA mọ́ láti 2005. IBEDC ló ń mú iná wá lápá ọ̀dọ̀ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ta lẹ ti gbọ́ rí tó pariwo "Up IBEDC"?)

Ilé wọn ní Ìkìrun ní inverter àti bátìrì kan, 12V, 200Ah. A jókòó, a ṣírò ó sẹ́yìn ìwé rẹ̀ kan náà. 12 lọ́nà 200 jẹ́ 2,400. Bátìrì olómi kò fẹ́ kí a lò ó ju ìdajì lọ bí a bá fẹ́ kó pẹ́, ó ku 1,200. Bí kọ̀ǹpútà bá ń jẹ wáàtì 80, tí tẹlifíṣàn ń jẹ 50, 130 nìyẹn. Yóò gbé wọn fún nǹkan bíi wákàtí 8 lẹ́yìn tí inverter bá ti yọ tiẹ̀ sápò. Pẹ̀lú graphics card tó fàlà pupa sí yẹn, gbogbo rẹ̀ á tó 350. Kò ní pé wákàtí 3 tí bátìrì á fi máa ké. Ó wò mí. Ó ní, "Ìyá mi á pa mí." Mo ní mo mọ̀. Fíríìjì omi tútù tí wọ́n ń tà wà lórí inverter yẹn kan náà.

Ohun kan wà tí kò sí nínú ìwé náà rárá: ojú tí yóò fi wò ó. Tẹlifíṣàn 32 inches tó wà ní pálọ̀ ló fẹ́ lò. Púpọ̀ nínú àwọn 32 tí wọ́n ń tà fún wa, 1366 lọ́nà 768 ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n kọ HD sára páálí wọn. Ẹ ṣírò rẹ̀: àmì iná tó wà lójú rẹ̀ lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 1. Èyí tí wọ́n ń pè ní Full HD, 1920 lọ́nà 1080, lé ní mílíọ̀nù 2. Ti 4K lé ní mílíọ̀nù 8. Graphics card tó ń ya mílíọ̀nù 8, tí a wá so mọ́ ojú tí kò lè fi ju mílíọ̀nù 1 hàn, ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ta ló ń jẹ èrè ẹ̀? Ẹ wo ẹ̀yìn tẹlifíṣàn yín kí ẹ tó wọ ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni.

Ibi tí a ti fagi lé graphics card nìyẹn, fún ìsinsìnyí. Mo wá sọ fún un nípa processor tó ti ní ìyàwòrán tirẹ̀ nínú. Lọ́dọ̀ AMD, lẹ́tà G tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà la ó wò. Ryzen 5 5600G, tó jáde ní 2021, ní ọpọlọ 6, ó sì ní ìyàwòrán nínú. Wáàtì 65 ni wọ́n ṣe é fún. Ó ń gbé géèmù bọ́ọ̀lù, ó ń gbé GTA V tó dé orí kọ̀ǹpútà ní 2015, lójú tẹlifíṣàn bíi tilé wọn yẹn láìgbọ̀n. Géèmù tuntun tó wúwo, kò ní gbé e dáadáa, n kò ní parọ́ fún yín. Ẹni tó jẹ́ pé fíìmù ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń ṣe, kó wo Intel Core i3-12100, nítorí inú rẹ̀ mọ AV1, ìyẹn ọ̀nà tuntun tí YouTube fi ń di fíìmù kó lè fúyẹ́. 5600G ní láti fi agbára gbogbogbòò tú u ni. Ṣùgbọ́n ẹ là á sójú o: i3-12100 ni mo wí, kì í ṣe 12100F. F yẹn túmọ̀ sí pé kò sí ìyàwòrán nínú rẹ̀. Owó rẹ̀ fi díẹ̀ rẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rà á. Wọ́n á tò ó tán, fáànù á máa yí, ojú tẹlifíṣàn á dúdú bí òru.

Ní ti motherboard, n kò ní sọ púpọ̀. Kí ihò processor bá processor mu, kó ní ihò RAM tó ju ẹyọ kan lọ. Fún 5600G, ihò AM4 ni. Bí ó bá jẹ́ motherboard B450 tó ti pẹ́ nínú páálí, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á bá yín fi BIOS tuntun, ìyẹn ètò tí motherboard fi ń jí, sí i níṣojú yín, torí èyí tó bá wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè má mọ 5600G rí, àjòjì ni yóò kà á sí.

RAM ni ibi tí àwọn ènìyàn ti máa ń ṣìnà láìmọ̀. Ọmọ yìí kọ ẹyọ kan tó jẹ́ 16GB. Mo ní kó rà á ní méjì, 8GB, 8GB. Ìyàwòrán inú processor kò ní RAM tirẹ̀, ti ilé ló ń yá lò, ọ̀nà méjì sì yá ju ọ̀nà kan lọ. Ẹ wo bí obìnrin méjì ṣe ń gún iyán nínú odó kan: bí ọmọ odó ọ̀kan ṣe ń lọ sókè ni ti èkejì ń bọ̀ nísàlẹ̀, odó kì í sinmi. Bí motherboard bá ní ihò mẹ́rin, kí ẹ fi wọ́n sí èkejì àti ẹ̀kẹrin, kí ẹ máa kà á láti ẹ̀gbẹ́ processor. RAM sì ti wọ́n gan-an. Láti ìparí 2025 ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń kọ́ ilé ẹ̀rọ fún AI ti ń kó o rà, ohun tó kù fún èmi àti ẹ̀yin kò tó nǹkan. N kì í sì í sọ iye nǹkan lórí afẹ́fẹ́ mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, kí ètò tó parí, iye á ti yí.

Ibi ìpamọ́: SSD ni kí Windows àti géèmù wà. Kò ní ohun tó ń yí nínú, bí iná bá lọ lójijì kò ní abẹ́rẹ́ tí yóò fi họ ara rẹ̀. Fíìmù kò nílò rẹ̀. Hard disk àtijọ́ ni mo máa ń fi sílẹ̀ fún fíìmù, kí n sì fi DVD drive tòkunbọ̀ kan sí i. Àwọn bàbá wa ní àpótí VCD fíìmù Yorùbá nílé, apá kìíní, apá kejì, èyí tí eruku ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ojú rẹ̀ rẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í ju nǹkan bíi 700MB lọ. Hard disk 500GB yóò gba nǹkan bíi 700 irú wọn. Ní àdúgbò mi, ìyẹn nìkan ti sọ kọ̀ǹpútà di ohun tí àgbàlagbà ń wá wò lálẹ́ Sátidé.

Ẹnìkan á ní, "Kí ló dé tí n kò kàn ra tòkunbọ̀ odidi?" Ó dáa bẹ́ẹ̀. Irú Dell OptiPlex tàbí HP EliteDesk tí wọ́n lò ní ọ́fíìsì lókè òkun lágbára, owó rẹ̀ sì sábà máa ń dín sí ti tuntun. Àmọ́ ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ kò gba graphics card tó ga. OptiPlex 9020, tó jẹ́ ìran kẹrin Intel, ẹnu wáyà power pack rẹ̀ kò bá ti ọjà mu: eyín 8 ni tirẹ̀, 24 ni ti gbogbo ayé, bó bá kú, irú tirẹ̀ gan-an lẹ ó máa wá kiri. Ìran kẹrin yẹn kò mọ H.265 tí ọ̀pọ̀ fíìmù wà báyìí. Microsoft sì ti ṣíwọ́ ìtọ́jú Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, bẹ́ẹ̀ ìran kẹjọ lọ sókè ni Windows 11 ń fẹ́ lọ́dọ̀ Intel. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ìran kẹjọ, èyí tó dúró gbọnrangandan, ni kí ẹ wá. Lọ́jọ́ iwájú, ẹ lè fi graphics card tí kò ní wáyà iná tirẹ̀ sí i, bíi GTX 1050 Ti ti 2016, tí wáàtì 75 tó ń gbà lára motherboard tó o jẹ.

Nígbà tí àwọn bàbá wa ń ṣòwò, ojú irin ló ń gbé ẹrù dé Ìkìrun àti Òkukù. Ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tiwa ń wá láti ọjà Ọtigbà ní Ìkẹjà, nínú bùùtù mọ́tò, láàárín àpò gààrí. Nítorí náà, ohun tó rọrùn láti fi tanni jẹ, ibi tí ẹ ti lè padà lọ láàárín ọjọ́ kan ni kí ẹ ti rà á. Mo tẹ̀ lé ọmọ yìí lọ sí Òṣogbo lọ ra power pack. Mo ní kí wọ́n so ó mọ́ iná, kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìwọn-iná wo 12V rẹ̀ níṣojú wa. Ẹni tó ń tà á bínú díẹ̀. Kò burú, ó wò ó: 12.1.

Casing la rà ṣìkejì, èyí tí iwájú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n, tó sì ní asẹ́ tí a lè yọ fọ̀. Ẹ̀yin ẹ mọ ọyẹ́ tiwa, ẹ mọ eruku pupa àwọn òpópónà tí kò ní ọ̀dà. Èyí tí iwájú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì dẹndẹ ń dán lóòótọ́, ooru ni yóò máa sè. Orí tábìlì ni kó máa wà, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá asẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù. Kí ẹ sì dí àwọn ihò ẹ̀yìn rẹ̀ tí ẹ kò lò, àmọ́ ẹ má dí ibi tí fáànù ti ń fẹ́ ooru jáde. Inú rẹ̀ máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lálẹ́, ọmọńlé sì fẹ́ràn ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ti tú kọ̀ǹpútà kan rí tí ọmọńlé nà gbalaja lórí motherboard rẹ̀, ìrù ní ọ̀tún, orí ní òsì, tó gbẹ bí ẹja ṣáwá. Òun àti motherboard jọ lọ ni.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tò ó, ẹ kúrò lórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ fọwọ́ kan irin casing kí iná ara yín lọ síbẹ̀. Orí páálí motherboard ni kí ẹ ti kọ́kọ́ dán an wò: processor, fáànù rẹ̀, RAM, power pack, ó tán. Igun kan wà lára processor tí wọ́n fi àmì onígun mẹ́ta wúrà sí. Òun àti irú rẹ̀ lára ihò ni kó pàdé. Kì í fẹ́ agbára. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ń tì í, ẹ ti ṣì í nìyẹn. RAM ló ń fẹ́ agbára, títí yóò fi dún "kọ́" lápá méjèèjì. Bí ẹ bá ń gbé e wọ casing, ẹ ka ẹsẹ̀ idẹ tí motherboard ń dúró lé, kí iye rẹ̀ bá ihò mu. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá fara kan irin, iná yóò pàdé iná. Bí ẹ bá tan án tí ojú tẹlifíṣàn ṣókùnkùn, ẹ má tíì sunkún. Ẹ yọ RAM, ẹ tún un fi. Ẹ wò ó bóyá ibi tí ẹ ki HDMI sí náà ni tẹlifíṣàn ń wò.

Ọmọ Ìkìrun yẹn pè mí láàárọ̀ yìí. Power pack àti casing nìkan ló ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ń dúró kí owó RAM wálẹ̀ díẹ̀. Mo ní kó fi aṣọ bo casing náà, nítorí àwọn ọmọńlé.